Láti Àgbàlá Onírú Dé Ìdí Ìkòkò

A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá náà tí awakọ̀ tó gbé mi wá ti yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Ìdájí ni, nílùú Ọ̀yọ́, ládùúgbò kan tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Èéfín igi ìdáná ti bo iwájú ilé, àkùkọ ń kọ, rédíò ẹnìkan ń ka ìròyìn lẹ́yìn fèrèsé, ṣùgbọ́n òórùn irú ló gbawájú gbogbo wọn. Oríṣi méjì ni òórùn ọ̀hún. Èyí tó ń ti ìdí ààrò bọ̀ fara pẹ́ ti ẹ̀wà tí omi gbẹ mọ́ nínú ìkòkò. Èyí tó ń ti inú yàrá bọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń ta nímú, ó sì ń mú ojú ṣomi.

Màmá tó ni iṣẹ́ náà wà lórí àpótí, ó ń ti igi wọnú iná.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó fẹ́ wá wo irú? Sún sẹ́yìn díẹ̀. Èéfín ò mọ àlejò."

Àgbá ńlá kan ló wà lórí ààrò, hóró igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú kún inú rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti wà níbẹ̀. Èèpo ara hóró yìí le, kò gba ìkánjú. Bíi wákàtí méjìlá ni wọ́n fi ń sè é kó tó rọ̀ débi tí wọ́n á lè bó o. Obìnrin méjì ló pín òru náà láàárín ara wọn kí iná má baà kú. Ojú wọn pọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó ilé, ní bí iná bá fi lè kú lóru, iṣẹ́ ọjọ́ kejì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, wọ́n bu igbá sísè sínú ọpọ́n onígi fífẹ̀ kan, wọ́n wọ́n yanrìn díẹ̀ sí i, àwọn méjèèjì fọ ẹsẹ̀ wọn tọṣẹtọṣẹ, wọ́n bọ́ sínú ọpọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan á ti máa fajú ro báyìí. Ẹ ní sùúrù: fífọ̀ ṣì ń bọ̀, sísè ẹlẹ́ẹ̀kejì náà ṣì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, èèpo dúdú ń ṣí kúrò lára hóró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rojọ́ owó ilé ìwé ọmọ lọ ní tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó o sínú ajere, wọ́n sì ń da omi kànga lé e, korobá tẹ̀ lé korobá, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, èèpo ń léfòó, yanrìn ń jò lọ sílẹ̀. Omi àkọ́kọ́ dúdú kirikiri. Ti ìkẹyìn mọ́ gaara. Apá ìyá tó ń fọ̀ ọ́ ti bó dé ìgúnpá.

Wọ́n tún gbé e ka iná. Èyí tí yóò di irú pẹ̀tẹ̀, wọ́n fi káún sí i kó lè rọ̀ dáadáa. Èyí tí yóò di irú wooro, wọn kò fi nǹkan kan sí i.

Màmá wá mú mi wọ yàrá. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, atẹ́gùn kò wọlé, òógùn sì bò mí kí n tó dúró dáadáa. Apẹ̀rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi ewé tẹ́ inú wọn, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n tún fi àpò ìrẹsì lé aṣọ lórí. Ó ní kí n ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò. Ó gbóná. Kò síná lábẹ́ rẹ̀, kò sí oòrùn tó ń pa á. Kòkòrò tíntìntín kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn yẹn: ó ń já purotéènì inú hóró sí wẹ́wẹ́, ooru ń jáde, òórùn tó ń ta nímú náà ń jáde, adùn sì ń gbẹ́yìn. Lára ohun tí purotéènì náà ń já sí ni glutamate, tó jẹ́ pé òun ló ń mú ahọ́n gbà pé ẹran wà nínú ohun tí kò sí ẹran. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń dé e mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá mú hóró méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ó rọra fà wọ́n síra. Ohun kan ń yọ̀ láàárín wọn, ó ń fà, kò já bọ̀rọ̀.

"Bó bá fà báyìí, ó ti débẹ̀. Bí kò bá fà, dá a padà kó lọ sùn."

Oòrùn ti ń mú nígbà tí a di ẹrù irú sẹ́yìn ọkọ̀, tí a gba Ìlọrà, Fìdítì, Mòníyà, títí a fi dé Òjòó. Wọ́n ti fi nylon wé abọ́ náà, wọ́n tún fi aṣọ dì í, síbẹ̀ gbogbo èrò ọkọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó fi gbohùngbohùn sétí fi hańkáṣíìfù bo imú láti Fìdítì. Bàbá tó jókòó tì í ní, "Ọmọ yìí, àná lo jẹ ẹ́." Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọjà Bódìjà ní ọ̀sán kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń rìn wò káàkiri. Alágbàrù ń pariwo kí a yà fún òun, ọmọlanke ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ ìlọta ń han gooro láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀mí ata sì wà lójú afẹ́fẹ́ débi pé èmi àti ẹni tó ń bọ̀ níwájú mi jọ sín lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ bàtà. Àwọn onírú wà lábẹ́ agboòrùn aláràbarà, abọ́ funfun níwájú wọn: irú wooro ní òkìtì, irú pẹ̀tẹ̀ ní ṣíṣù, iyọ̀ ti wà lára rẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́. Ìyá tí a gbé ẹrù wá fún fi páálí lé eṣinṣin bó ti ń dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta èròjà ọbẹ̀ inú páálí wà. Mágí ń rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní pupa, ní yẹ́lò, ní àwọ̀ ewé: Maggi, Knorr àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, tìmáàtì inú sáṣẹ́ẹ̀tì, thyme àti curry, iyán ẹlẹ́lùbọ́ tí omi gbígbóná nìkan ni yóò gbé e dìde. Kò sí òórùn kankan níbẹ̀. Kò sí eṣinṣin.

Ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ Julius Maggi gbé kúùbù rẹ̀ jáde ní Switzerland. Lọ́dún 1908 yẹn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, Kikunae Ikeda, yọ glutamate jáde lára omi koríko òkun tí àwọn ará Japan fi ń se ọbẹ̀. Nígbà tó máa di 1909, wọ́n ti ń tà á lábẹ́ orúkọ Ajinomoto. Ohun tí Ikeda fi ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì wá kàn yẹn wà lábẹ́ àpò ìrẹsì nínú yàrá tí mo ti kúrò láàárọ̀, ó sì wà nínú mágí tó ń rọ̀ níwájú mi. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ, èkejì jẹ́ májèlé, ó ń yára sọ̀rọ̀. Adùn kan náà ló ń ti ọ̀nà méjì bọ̀. Ọ̀kan ń gba ọwọ́ obìnrin bíi mẹ́rin àti odidi ọjọ́ bíi mélòó kan. Èkejì ń gba pé kí o ya bébà.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú onírú.

"Mà, eléyìí kéré o. Ẹ fi kún un."

"Ọmọ mi, igbá ti wọ́n."

"Ẹ ṣáà fún mi ní èènì."

Ìyá bu èènì. Oníbàárà tún bẹ̀ ẹ́, ìyá tún fi bíńtín lé e. Obìnrin náà yíjú sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, ó béèrè páálí mágí kan, wọ́n dá iye fún un, ó san án. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Mo wo àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe.

Òótọ́ ni pé igbá ti wọ́n. Igi rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn. Inú ọ̀dàn ló ti ń hù fúnra rẹ̀, ó sì ń lo bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó so. Ní Òkè Ògùn tí ó ti pọ̀, àwọn elédùú ń gé e mọ́ igi yòókù. Ìdí nìyí tí sóyà fi ń gba ipò igbá nínú abọ́ ọ̀pọ̀ onírú. Ìyá ṣí ọ̀rá méjì, ó bù wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Èyí tó dúdú, tó pẹlẹbẹ, ni igbá. Èyí tó mọ́ra, tó rí roboto, ni sóyà. Nínú ọbẹ̀ ata, ó ní, ẹni tí kò bá dàgbà nídìí irú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó kéré tán, ó sọ èyí tí mo rà fún mi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ ọ́.

Obìnrin kan tó ń lọ sí London dé, ó ra púpọ̀, ó ní kí wọ́n fi nylon lé nylon kí àpótí òun má baà rùn ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ń ta irú tó ti dì ní àdúgbò Peckham níbẹ̀, ó mọ̀. Kò gbẹ́kẹ̀ lé e ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti gbìyànjú àtipa irú àti mágí pọ̀. Lọ́dún 1991, Cadbury Nigeria ṣe irú oníkúùbù jáde. Ọjà kò gbà á. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní ó jọ pé nínú sísọ ọ́ di kúùbù, nǹkan kan sọnù lára irú tí aráàlú mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé bùkà kan lẹ́yìn ọjà. Mo ti bẹ ìyá olóúnjẹ tẹ́lẹ̀ pé kó bá mi se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní ìkòkò méjì: epo kan náà, ata kan náà, àlùbọ́sà kan náà, kò sí ẹran, kò sí ẹja. Ìkan yóò gba irú láìsí mágí, ìkejì yóò gba mágí láìsí irú. Ó wò mí bí ẹni tí iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ibi tí mo ti la ojú mi sílẹ̀ jù lọ nìyí. Epo pupa gbóná, àlùbọ́sà wọ inú rẹ̀, ó ń ta ṣàṣà. Ó wá bu irú sí i. Òórùn tó ti tẹ̀ lé wa láti Ọ̀yọ́, tó mú ọmọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn bo imú, yí padà lójú mi: títa rẹ̀ lọ, ó di òórùn ẹran sísun, ó kún bùkà, èèyàn méjì tó ń kọjá lọ níta sì béèrè bóyá oúnjẹ ti délẹ̀. Nínú ìkòkò kejì, ó ya bébà mágí, ó fi ìka fọ́ ọ sínú ata. Òórùn ata nìkan la gbọ́. Ó tún wá bu iyọ̀ sí i, kò tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ sára páálí mágí lára ohun èlò rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí ìpotíì kan.

Mo jẹ méjèèjì. Ẹ̀fọ́ onímágí bá ahọ́n lójú ẹsẹ̀. Iyọ̀ ṣáájú, adùn tẹ̀ lé e, ó parí nígbà tí mo gbé e mì. Ẹ̀fọ́ onírú kò yára. Ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́nu, ó wá ń pọ̀ sí i, hóró irú ń tú lábẹ́ eyín, nígbà tí mo mu omi tán ó ṣì wà lẹ́nu mi. Awakọ̀ wa, tó yí gíláàsì sókè láàárọ̀, fi ọ̀kà nu abọ́ onírú mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní bùkà mú ti onímágí. Wọ́n ní ti irú "jọ ti ilé ìyá àgbà". Kò dùn wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Èwo lẹ fi ń se ti oníbàárà, Mà?"

Ìyá olóúnjẹ ṣí ìkòkò ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú wà níbẹ̀, mágí wà níbẹ̀.

"Irú nìkan, àwọn ọmọdé á ní kò dùn tó. Mágí nìkan, àwọn àgbà á ní ẹ̀fọ́ ọmọ ilé ìwé ni. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Tèmi ni pé nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti ilá, mágí kò lè ṣe ohun tí irú ń ṣe. Nínú ọbẹ̀ ata tí a fi ń jẹ ìrẹsì, ẹni tó bá ń kánjú kò jẹ̀bi, bó bá ti lè fa ọwọ́ iyọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ irú igbá nínú ìkòkò yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ onírú bóyá igbá ni tàbí sóyà, ẹ fi èyí tó bá kù sínú fírísà, ẹ sì san iye tó bá dá lé e láìgba èènì, bí ẹ ti ń ṣe nídìí mágí.