Wọ́n Ti Root Fóònù Yín, Update sì Dé: Kí Lẹ Máa Ṣe?

Ìwé ìlàlóye fún àwọn oníṣòwò ọjà Gbági àtàwọn oníbàárà wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún un.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá aláṣọ kan jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fẹ́ fi àwòrán léèsì tuntun ránṣẹ́ sáwọn tó ń ra aṣọ ẹbí. Fóònù rẹ̀ dún: update ti dé. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù kú, ó tún tàn, àwòrán róbọ́ọ̀tì kékeré kan sì nà gbalaja sójú rẹ̀, àmì pupa wà láyà rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀: Error. Ìyá ké sí ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Mummy, wọ́n ti root fóònù yìí kẹ́ ẹ tó rà á."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní ni wọ́n pè é fún mi."

Ìbéèrè ìyá yìí la tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ohun tí root jẹ́

Ẹ lè ra fóònù, kẹ́ ẹ san owó rẹ̀ pé, síbẹ̀ yàrá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò lè wọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Inú yàrá yẹn ni ètò tó ń jí fóònù lójú oorun wà, òun náà ló sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo áàpù. Ẹni tó bá root fóònù ti já ìlẹ̀kùn yẹn, ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ áàpù kan. Lónìí, Magisk tí John Wu gbé jáde ní 2016 ni àwọn ẹnjiníà ń lò jù. SuperSU ló gbòde ṣáájú rẹ̀, àtàwọn bíi KingRoot tó ní kéèyàn sáà ti tẹ bọ́tìnnì kan.

Kì í ṣe olè ni gbogbo ẹni tó ń root o. Àwọn kan fẹ́ yọ áàpù tí ilé iṣẹ́ kàn mọ́ inú fóònù bí ìṣó, àwọn mìíràn ò fẹ́ rí ìpolówó ọjà mọ́. Nílẹ̀ wa níbí, ìdí kan wà tó tún pani lẹ́rìn-ín. Ní nǹkan bí 2013, nígbà tí ayé ń jẹ BlackBerry, owó dátà tí wọ́n ń tà fún BlackBerry kéré ju ti Android lọ. Làwọn ọ̀dọ́ bá root Tecno wọn, wọ́n fi áàpù kan tó ń jẹ́ MobileUncle Tools kọ nọ́ńbà IMEI ti BlackBerry sínú rẹ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rò pé BlackBerry ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, a ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni, torí IMEI kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yí padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣe é nígbà náà lè ti di ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù lónìí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀

Ẹ pa fóònù, kẹ́ ẹ tún tàn án, kẹ́ ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix, tí wọ́n bá ti ṣí ìlẹ̀kùn yẹn, lẹ́tà wínníwínní á jáde sábẹ́ àmì ilé iṣẹ́: Orange State. Á ní fóònù yìí kò ṣeé fọkàn tán mọ́, òun á sì tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ìṣẹ́jú àáyá 5 yẹn ni àwọn kan lára àwọn tó ń ta fóònù kì í fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Wọ́n á ti tàn án kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án níṣojú yín.

Ẹ tún lè ṣí Play Store, kẹ́ ẹ tẹ àwòrán yín lókè, kẹ́ ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà About. Níbi Play Protect certification, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí ni Device is certified. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ẹni tó mọṣẹ́ lè bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí áàpù báńkì yín bá wá kọ̀ láti ṣí láìsí ìdí kan, ẹ fura. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bi Google léèrè bóyá inú fóònù ṣì wà bí wọ́n ṣe dá a.

Ti Samsung yàtọ̀. Ó ní fíúsì kan nínú, Knox lorúkọ ètò tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ètò tí kì í ṣe ti Samsung wọ inú rẹ̀, fíúsì náà á jó, 0x0 á di 0x1, Secure Folder á sì dágbére títí láé. Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kí òun bá yín tún Knox ṣe, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ìdí tí update fi ń kọ̀

Ẹ̀yin aláṣọ ló yẹ kí èyí tètè yé. Ẹ jẹ́ ká ní télọ̀ tó wà l'Ékòó ló rán bùbá kan fún yín. Ó fẹ́ pààrọ̀ ọrùn rẹ̀, kò sì ní kẹ́ ẹ dá bùbá padà. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé rẹ̀ ló wò tó fi gé ọrùn tuntun, ó sì fi í ránṣẹ́. Tí télọ̀ mìíràn bá ti tú bùbá náà lẹ́yìn rẹ̀, tó ti dín in níbì kan, ọrùn tó dé yẹn kò ní bá a mu, bó ti wù kí ó dára tó.

Bí update ṣe rí nìyẹn. Kì í sábà gbé odindi ètò wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti àná àti tòní ló máa ń gbé wá, kí dátà yín má baà tán. Láti Android 5.0 tó jáde ní 2014, kó tó lẹ ohunkóhun mọ́ inú fóònù, á kọ́kọ́ wọn ibẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á fi wé ìwọ̀n tó gbé bọ̀ láti ilé iṣẹ́. Tí ibì kan bá yàtọ̀, bó ṣe kéré mọ, á dáwọ́ dúró. Ti Samsung kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀. Á kàn sọ fún yín pé wọ́n ti yí ètò fóònù padà lọ́nà tí kò bófin mu, update kankan ò sì ní wọlé.

Nítorí náà, Error tí ìyá rí yẹn, àánú ni. Fóònù kò bàjẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ títí á fi tún tàn, yóò padà sí bó ṣe wà ní àárọ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi tipátipá mú un ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí á kúkú gbàgbé update?

Rárá. Ní oṣù keje 2015, onímọ̀ ààbò kan, Joshua Drake, tú àṣírí ihò kan nínú Android tí wọ́n pè ní Stagefright. Nígbà náà, tí ọ̀daràn bá ti mọ nọ́ńbà yín, ó lè fi fídíò kan ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, kó sì gba ibẹ̀ wọ inú fóònù yín. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àtúnṣe ààbò Android lóṣooṣù.

Èyí tó tún sún mọ́ wa ni ti Tecno W2. Ní oṣù kẹjọ 2020, Upstream, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ ààbò fóònù, kéde pé àwọn bá ètò burúkú méjì, Triada àti xHelper, nínú fóònù yẹn ní Gánà, Kamẹrúùnù, Íjíbítì, Etiópíà àti South Africa. Ọwọ́ àwọn onífóònù kò kàn án rárá, síbẹ̀ fóònù ń fi owó wọn ra ohun tí wọn kò béèrè. Transsion tó ni Tecno ní ọ̀kan lára àwọn tó ń bá àwọn ṣiṣẹ́ ló ti kó o wọ ibẹ̀, àwọn sì ti ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ibo ni àtúnṣe náà wà? Inú update. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọ update, kò sí bí àtúnṣe yẹn ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kó ẹrù yín jáde ná. Ọ̀nà kan wà nínú àwọn tí a máa sọ nísàlẹ̀ tó lè nu fóònù yín nù mọ́lẹ̀ láìku ẹyọ fọ́tò kan. Ẹ wọ WhatsApp, Settings, Chats, Chat backup, kẹ́ ẹ sì dúró títí á fi parí. Ẹ rí i pé nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín wà lórí Google, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Àwòrán aṣọ tí ẹ ti yà láti ọdún yìí wá, ẹ dà á sórí káàdì tàbí kọ̀ǹpútà. Káàdì ATM yín gbọ́dọ̀ wà nítòsí, torí áàpù báńkì lè ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun, a sì ti rí ẹni tó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ sílé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí bátìrì lé ní ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí owó aṣọ ẹbí ń wọlé.

Tó bá jẹ́ Magisk ni wọ́n fi root ẹ̀

Android 7.0 tó jáde ní 2016 mú àrà kan wá. Nínú àwọn fóònù kan, ibi tí ètò ń gbé pín sí apá méjì tó jọra. Ẹ ń lo ọ̀kan, update ń wọ ìkejì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí ti yín bá wà lára irú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé Magisk nìkan ló fọwọ́ kan inú rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan.

Ẹ ṣí Magisk, ẹ tẹ Uninstall Magisk, kẹ́ ẹ yan Restore Images. Ẹ má yan Complete Uninstall, ẹ má sì tíì pa fóònù. Ohun tí ẹ ṣe yẹn ni pé ẹ dá ọrùn bùbá padà sí bí télọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ wá lọ síbi System update nínú Settings, ẹ jẹ́ kó wọlé. Tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ Restart, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ padà sínú Magisk, ẹ tẹ Install, ẹ yan Install to Inactive Slot. Bọ́tìnnì Reboot tó máa yọ nínú Magisk ni kẹ́ ẹ wá tẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ root mọ́ kò nílò Install yẹn, Restart lásán ti tó.

Tí Error bá tún jáde lẹ́yìn èyí, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tún ibòmíràn ṣe nínú fóònù náà. Odindi ètò ni wọ́n máa gbé wọ̀ ọ́.

Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ gbígbé odindi ètò wọ fóònù, ẹ gbé e fún ẹnjiníà, yálà ní ọjà fóònù Queen Cinema tàbí ibi tí ẹ bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè.

Ẹ bi í bóyá fáìlì tó fẹ́ lò bá nọ́ńbà ẹ̀yìn fóònù yín mu délẹ̀. Samsung A12 méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lórí àtẹ, kí ọ̀kan jẹ́ SM-A125F, kí ìkejì tó ti Amẹ́ríkà bọ̀ jẹ́ SM-A125U. Ètò ọ̀kan kì í ṣe ti ìkejì. Tó bá jẹ́ Samsung, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Odin ló máa lò, á sì bá fáìlì méjì pàdé: CSC àti HOME_CSC. Èyí tó ní HOME níwájú máa ń fi ẹrù yín sílẹ̀, èkejì á gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹnjiníà tó bá ń kánjú lè mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Ẹ dárúkọ HOME_CSC fún un, ojú tó fi ń wò yín á yí padà.

Ẹ wo ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá pẹ̀lú. Tí iná bá lọ tàbí tí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ ètò sínú fóònù, fóònù lè di bíríkì. Orúkọ tí àwọn ẹnjiníà fúnra wọn sọ ọ́ nìyẹn, ó sì yẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni kẹ́ ẹ gbà.

Ohun kan ṣì kù tó ti pa fóònù púpọ̀. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí nígbà tí wọ́n fẹ́ root, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í padà nígbà tí ètò àjèjì ṣì wà nínú rẹ̀. Ètò ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wọlé tán, kó tàn, kó ṣiṣẹ́, kó tó kan títì. Títì náà sì ń nu fóònù nù, kódà tó bá jẹ́ HOME_CSC ni wọ́n lò.

Tí ẹ bá bi wá, a ó ní kí ọlọ́jà tó ń gba owó lórí fóònù dá tirẹ̀ padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣeré root, kó fi fóònù kejì ṣe é.

Ẹ̀sùn

Nígbà tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ tẹ *#06#, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà IMEI tó bá yọ sórí rìsíìtì. Tí wọ́n bá ta fóònù tí wọ́n ti root fún yín láìsọ, àjọ FCCPC tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà ló ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 622 ti àjọ NCC wà fún ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti dátà, ẹ má fi ti fóònù dà á láàmú.

Lẹ́yìn update

Títàn àkọ́kọ́ máa ń pẹ́. Àmì ilé iṣẹ́ lè máa yí fún ìṣẹ́jú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fóònù ń to àwọn áàpù yín lákọ̀tun. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e sórí ṣáájà lẹ́yìn ìdì léèsì, kẹ́ ẹ máa bá oníbàárà yín ná ọjà lọ.