Ọ́kíìdì Kì í Ṣe Àfòmọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ni ó ń bá tan. Àgbẹ̀ kòkó àti olóbì mọ ìyà tí ìbátan yìí ń fi jẹ igi, nítorí pé inú ẹ̀ka gan-an ni àfòmọ́ ń wọ̀ láti fa omi mu. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo gbogbo ohun tí ó bá hù sórí igi, tí àdá fi ń pa aláìṣẹ̀ pọ̀ mọ́ olè. Ọ̀kan nínú àwọn aláìṣẹ̀ náà ni ọ́kíìdì tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ansellia africana.

Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé ìhà gúúsù ilẹ̀ náà ni ó ti ń hù. Ó sì wà ní Nàìjíríà. Igi rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrèké kékeré, inú rẹ̀ ni ó ń tọ́jú omi sí de ẹ̀ẹ̀rùn. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní àmì tótòtó bí awọ ẹkùn. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi ń fi orúkọ ẹkùn pè é. John Ansell, igbákejì olùtọ́jú ọgbà nínú ìrìn-àjò Odò Ọya ti 1841, ni ó rí i ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí. Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú wà nínú ìrìn-àjò náà. Ní 1844 ni John Lindley fi orúkọ Ansell sọ ọ́.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Èèpo igi ni ó dì mọ́, kò wọ inú igi. Nǹkan funfun tí ó rọ̀ bí kànìnkàn bò ó, èyí tí ń mu omi òjò àti ìrì. Àwọn gbòǹgbò mìíràn nà ṣóńṣó sókè bí abẹ́rẹ́, wọ́n sì di agbọ̀n tí ń gba ewé tí ó bá já bọ́. Bí ewé náà bá jẹrà, ó di oúnjẹ. Àyè nìkan ni igi fún un.

Ẹni tí yóò gbìn ín kò gbọ́dọ̀ fi iyẹ̀pẹ̀ bo gbòǹgbò rẹ̀, nítorí pé yóò rà. Èèpo igi, èédú àti èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ ni kí ó kó sínú ìkòkò tí ó ní ihò púpọ̀ nídìí. Bí kò bá sì fẹ́ ìkòkò, kí ó so ó mọ́ ara igi. Kí oòrùn àárọ̀ máa ta sí i, kí ibòji díẹ̀ sì dáàbò bò ó ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí ọ̀mùnú bá ń yọ, kí ó máa bu omi rin ín dáadáa, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó tún bu òmíràn, kí ó sì máa fi ajílẹ̀ tí a là fẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ ọ. Bí igi rẹ̀ bá ti gbó tí ọyẹ́ sì dé, kí ó dín omi kù, nítorí pé ó nílò ìsinmi kí ó tó yọ òdòdó.

Ṣíṣe irúgbìn rẹ̀ ṣòro. Ó kéré bí eruku, kò sì ní oúnjẹ nínú. Nínú igbó, ẹ̀yà olú tín-ín-tín kan ni ó ń bọ́ ọ kí ó tó lè hù. Ní 1922 ni Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ṣúgà àti èròjà inú ìgò lè ṣe iṣẹ́ olú náà fún irúgbìn ọ́kíìdì. Ọ̀nà tí ó rọrùn nílé ni pípín ìdí rẹ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọgbà tú igbó. Gígé igbó àti kíkó o tà ti mú kí a kà á mọ́ àwọn ohun tí ó wà nínú ewu, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí a fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 sì ń ṣọ́ òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń gbìn ín ni kí a ti gba ìpín. Ní ti èyí tí ó wà lórí igi oko, kí ẹni tí ó bá gbé àdá sókè kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀: bí gbòǹgbò kò bá wọ inú igi, kì í ṣe àfòmọ́.