Àwòrán Kékeré, Iṣẹ́ Ńlá: Bí A Ṣe Ń Pàtẹ Géèmù Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ẹni tí ó bá ru ẹrù dé ọjà tí kò sì tú u palẹ̀, àti ẹrù àti ẹlẹ́rù ni yóò jọ padà sílé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń dá géèmù ṣe láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn.

Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́ kan tí ó ti fi ọdún mẹ́ta ṣe géèmù kan ṣoṣo. Òru ni ó fi ń ṣe é, nígbà tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ bá parí. Òun ni ó kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, òun ni ó ya àwòrán, òun náà ni ó ṣe orin. Nígbà tí ó parí, ó gbé e lọ sórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Valve ti Amẹ́ríkà ṣí ní ọdún 2003. Ó san dọ́là 100 tí wọ́n ń gbà lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, owó tí kì í padà àfi bí géèmù náà bá tà tó dọ́là 1,000. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí oníbàárà yóò kọ́kọ́ rí nínú iṣẹ́ ọdún mẹ́ta náà ni àwòrán kan tí ó lè má fẹ̀ ju àtàǹpàkò méjì lọ. Bí àwòrán yẹn kò bá dá a dúró, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Kò ní mọ̀ láé pé orin géèmù náà dùn.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ó ṣe géèmù ń wo àwòrán ìpolówó rẹ̀ ní títóbi lójú kọ̀ǹpútà, nígbà tí oníbàárà yóò rí i ní kékeré láàárín ogún àwòrán mìíràn. Google Play ń béèrè àwòrán tí ó jẹ́ pixel 512 níbùú àti lóòró, ṣùgbọ́n lórí fóònù, kò ní ju èékánná lọ. Nítorí náà, ẹ dín àwòrán yín kù títí yóò fi kéré bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa géèmù náà. Ẹ bi í pé: "Kí ni o rí? Irú eré wo ni o rò pé ó jẹ́?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ lọ tún àwòrán ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ó gba iwájú. Ẹ wo Among Us, tí ó jáde ní ọdún 2018, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé ní 2020. Ènìyàn kúkúrú kan tí kò ní apá, tí ó wọ aṣọ arìnrìn-àjò òfuurufú aláwọ̀ kan, tí dígí sì bò lójú: bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ óò dá a mọ̀. Ká ní gbogbo yàrá ọkọ̀ náà àti àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sójú kan, ojú kì bá tí rí ibi bà lé.

Orúkọ géèmù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Lẹ́tà funfun kò gbọ́dọ̀ wà lórí ojú ọ̀run tí ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn ní kékeré. Bí orúkọ náà bá jẹ́ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣ, tàbí ẹ àti ọ tí ó gbé àmì ohùn. Ẹ dán orúkọ yín wò kí ẹ tó sanwó lé lẹ́tà kankan. Steam sì ń béèrè àwòrán ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, òmíràn fẹ̀ níbùú, òmíràn ga bí èèpo ìwé. Ẹ má kàn gé ọ̀kan fún gbogbo wọn. Ẹ tún ọ̀kọ̀ọ̀kan tò.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Steam kò gbà kí a kọ ohunkóhun sára àwòrán yìí ju orúkọ géèmù àti àkọlé kékeré tí ó bá a rìn. Kò sí àmì ẹ̀yẹ, kò sí ìyìn, kò sí "a ti dín owó kù". Àwòrán ni yóò sọ̀rọ̀. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ayàwòrán gidi fún èyí.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n

Alákàrà kì í polówó pé aago mẹ́rin ìdájí ni òun jí bó ẹ̀wà. "Àkàrà gbóná rèé o!" ni yóò ké. Ohun tí oníbàárà yóò jẹ ni ó ń sọ, kì í ṣe wàhálà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ géèmù ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé wọn láti orí ìtàn ìlú méje tí ó jagun ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, àyè ti tán: nǹkan bí lẹ́tà 300 ni Steam fún àlàyé ṣókí, 80 péré sì ni ti Google Play.

Ohun mẹ́ta ni kí àlàyé ṣókí sọ: ta ni ẹni tí ń ta géèmù náà yóò jẹ́, kí ni yóò máa ṣe, kí ni yóò sì pàdánù bí ó bá kùnà. Ẹ wo Papers, Please, tí Lucas Pope ṣe ní ọdún 2013. A lè sọ ọ́ báyìí: aṣọ́bodè ni ẹ́, ẹ ń yẹ ìwé ìrìnnà wò láti mọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí ẹ óò dá padà, owó tí ẹ bá sì rí níbẹ̀ ni ìdílé yín yóò fi jẹun lálẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ èyí ti mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni tàbí kì í ṣe tirẹ̀.

Bákan náà ni fún àwòrán inú géèmù. Ó kéré tán, márùn-ún ni Steam ń béèrè. Kí àkọ́kọ́ fi eré náà hàn níbi tí ó ti gbóná, kì í ṣe ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀. Kí fídíò náà bẹ̀rẹ̀ láti inú eré, kì í ṣe láti orí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín.

Irọ́ kì í pẹ́ lọ́jà

Àwòrán àti àlàyé jẹ́ ìlérí. Lórí Steam, ẹni tí ó ra géèmù lè gba owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14, bí kò bá tíì lò ó tó wákàtí méjì. Bí ẹ bá ya ogun àti iná sójú ìsọ̀, tí ó sì jẹ́ eré ìrònú jẹ́jẹ́ ni ó bá nínú ilé, yóò gba owó rẹ̀, ó sì lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Eric Barone nìkan ni ó ṣe Stardew Valley, ó sì lé ní ọdún mẹ́rin lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó jáde ní 2016. Oko, ìlú kékeré àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó pàtẹ. Oko, ìlú kékeré àti ìfọ̀kànbalẹ̀ náà ni àwọn tí ó rà á bá níbẹ̀. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó ti rà á.

Ẹ má sì fi ojú tiwa pamọ́. Ní ọdún 2016 kan náà, Kiro'o Games láti orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde lórí Steam, ìtàn ọmọ ọba àti ìyàwó rẹ̀ nínú ayé tí a fi àṣà ilẹ̀ Áfíríkà gbé kalẹ̀. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí ó jọra, ohun tí ó jẹ́ tìrẹ ni ojú yóò tètè rí.

Lákòótán, ẹ má dúró di ọjọ́ tí géèmù yóò jáde. Steam fẹ́ kí ojú ewé rẹ̀ ti wà níta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ni ó dára jù, kí àwọn tí ó bá wù lè fi í sínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Steam yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ tí ó bá jáde. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta ṣe ọjà, kí ó má ṣe fi alẹ́ ọjọ́ kan pàtẹ rẹ̀.