Ẹja Tó Ń Ṣọ́ Ìtẹ́: Bí Ẹrẹ̀ Orí Ilẹ̀ Ṣe Ń Pa Ọmọ Ẹja Lábẹ́ Omi

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹja kan wà tó jẹ́ pé bàbá ló ń kọ́lé, bàbá náà ló ń tọ́jú ọmọ? Ìyá á kàn yé ẹyin tán, á bá tirẹ̀ lọ. Smallmouth bass ni wọ́n ń pe ẹja yìí, orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ni Micropterus dolomieu. Odò àti adágún àárín gbùngbùn àti ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, títí dé Kánádà, ni ilé rẹ̀. Kò sí nínú odò tiwa nílé o, ṣùgbọ́n ohun tó ń bá a fínra ń bá ẹja tiwa náà fínra.

Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kì í tóbi púpọ̀, àmọ́ agbára rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ: tí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ lẹ́nu, á máa fò sókè lójú omi, á máa sá lọ síbi tí omi ti ń sáré. Omi tó mọ́, tó tutù díẹ̀, tó ń ṣàn lórí òkúta ló bá a lára mu. Ojú ló fi ń ṣọdẹ. Lára oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni àwọn alákàṣà kéékèèké inú odò, tí ọwọ́ wọn dà bíi ti akàn, tí wọ́n sì máa ń sá sábẹ́ òkúta.

Bàbá tí kì í kúrò nílé

Nígbà ìrúwé, tí òtútù bá ti ń lọ, tí omi sì ti ń móoru dé nǹkan bí 15°C, akọ á wá ibi tí òkúta wẹẹrẹ wà nísàlẹ̀ odò. Á máa fi ìrù gbá ibẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, títí ẹrẹ̀ á fi kúrò, tí òkúta á sì mọ́ kedere. Orí òkúta yẹn ni abo máa yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí, ẹyin á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, akọ ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sára ẹyin, á sì máa lé gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ìtẹ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun ní gbogbo àsìkò yẹn. Kódà tí ẹyin bá pa tán, á ṣì máa ṣọ́ àwọn ọmọ títí wọ́n á fi lè dá wà.

Kí ló dé tó ń fẹ́ omi sí ẹyin? Ìdí ni pé ẹyin náà ń mí. Ọ́síjìn tó wà nínú omi ló ń gba ara awọ ẹyin wọlé. Tí omi tuntun ò bá kọjá lára rẹ̀, ó máa kú ni.

Ibi tí wàhálà ti wọlé

A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá. Ọmọ ẹja tó wà nínú omi lọ́tàá ní tirẹ̀, ẹrẹ̀ sì wà lára wọn.

Tí wọ́n bá gé gbogbo igi etí odò, tí wọ́n dáko dé bèbè, tàbí tí màlúù ń tẹ bèbè mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí gbòǹgbò tó máa di ilẹ̀ mú mọ́. Òjò kan ṣoṣo tó, ọ̀gbàrá á wọ́ ilẹ̀ lọ sínú odò. Níbi tí omi bá ti rọra ń lọ, ẹrẹ̀ kíkúnná á bà lé ẹyin bí eruku ṣe ń bà lé tábìlì. Á dí àlàfo àárín òkúta pa. Alákàṣà ò ní ríbi sá sí, ẹja tó ń fi ojú ṣọdẹ ò sì ní ríran dáadáa.

Kò tán síbẹ̀ o. Igi tí wọ́n gé yẹn ló ń ṣíji bo omi. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tó lè gbà ń dín kù: ní 10°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11; ní 30°C, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ.

Ohun tójú Susquehanna rí

Odò Susquehanna ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lókìkí fún ẹja yìí. Ní 2005, àwọn ọmọ ẹja tí kò tíì pé ọdún kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, wọ́n sì ń kú. Nígbà tó di 2012, ìjọba ṣòfin pé ní apá tó pọ̀ lára odò náà, ẹni tó bá mú bass gbọ́dọ̀ dá a padà sómi lójú ẹsẹ̀, àti pé ní àsìkò ìyẹ́yin, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ dẹ ẹ́ rárá.

Òfin àsìkò ìyẹ́yin yẹn mọ́gbọ́n dání. Ẹ rántí pé bàbá tó ń ṣọ́ ìtẹ́ máa ń gbéjà ko ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn, títí kan ìwọ̀. Ó rọrùn láti mú jù nígbà náà. Bí ẹ bá sì mú un fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré láti yà fọ́tò, àwọn ẹja míì lè ti jẹ ẹyin rẹ̀ kó tó padà délé.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ìdí àìsàn náà títí di 2015, wọ́n tọ́ka sí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn, àti àwọn kẹ́míkà tó ń da họ́mọ̀nù ẹja rú, títí kan oògùn apakoríko. Ẹ ò rí nǹkan! Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti lo oògùn, inú ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ilé wa ńkọ́?

Irú epìyà kan wà nínú odò wa, Coptodon zillii, tó máa ń gbẹ́ ìtẹ́ sísàlẹ̀ omi, tí akọ àti abo sì jọ máa ń ṣọ́ ọ. Ẹ wá rántí bí omi odò Ọ̀ṣun ṣe di aláwọ̀ ẹrẹ̀ nígbà tí wíwa góòlù pọ̀ lápá òkè odò, lágbègbè Iléṣà. Gbogbo wa ń wo àwọ̀ omi lókè. Ìtẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ò hàn sí wa.

Ohun tí odò ń fẹ́ ò le: kí á fi igi àti koríko sílẹ̀ ní bèbè, kí á má fọ agolo oògùn oko sínú omi, kí á má da ìdọ̀tí sínú gọ́tà tó ń lọ sódò, kí á sì fi ẹja tó ń ṣọ́ ọmọ sílẹ̀.

Tí òjò bá tún rọ̀, ẹ bu omi odò àdúgbò yín sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tí ẹ bá rí nísàlẹ̀ ìgò, irú rẹ̀ gan-an ló ń bà lé ẹyin ẹja. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn gba etí odò lọ sókè díẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti ń wá.