Ìlòwò àti Alòwò

Kí áàpù orí fóònù tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó ṣe é a máa kọ́kọ́ fi í lé àwọn díẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì sọ àléébù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀tà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìpele yìí. Lẹ́tà kejì nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ni. Kò fi iṣẹ́ náà hàn rárá.

"Ìdánwò" ìbá tó, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ti gba ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí a bá ní kí ó wá ṣe ìdánwò l'Óǹdó yóò rò pé òun ni a fẹ́ dán wò, bẹ́ẹ̀ áàpù ni. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò, a ń wọ aṣọ wò lọ́dọ̀ aránṣọ; a lè lo áàpù wò pẹ̀lú. Ìlòwò ni iṣẹ́ náà nígbà náà, alòwò ni ẹni tí ń ṣe é. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ òwò nínú rẹ̀.)

Google gbé òfin kan kalẹ̀ ní 2023 fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀: kí ó ní alòwò 20, tí ó di 12 ní 2024, fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ákùúrẹ́ bá ṣe áàpù fún kíkọ Yorùbá, kí ó má wá wọn láàrin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó a máa fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Áàpù tí ó mọ àjùmọ̀lò nìkan lè máa sọ "ulé" di "ilé" mọ́ ará Àkúrẹ́ lọ́wọ́. Alòwò tí ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ni yóò tètè rí i, tí yóò sì ròyìn irú fóònù tí ó lò, ohun tí ó tẹ̀, àti ohun tí ó jáde.