ORIN ÌBÍ OLÚWA ÀTI OHÙN ÈDÈ YORÙBÁ

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ní ilẹ̀ Yorùbá a máa kọ nínú iṣẹ́ orin ńlá tí a ń pè ní Messiah. Handel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó di ará Ìlú Ọba, ni ó ṣe é ní ọdún 1741, láàárín ọjọ́ 24 péré. Láti inú Bíbélì ni Charles Jennens ti ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Ìlú Dublin ni a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba, ní ọdún 1742.

Apá mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní. Apá kìíní ni ó sọ nípa ìbí Olúwa. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùṣọ́-àgùntàn, ohun èlò olókùn a máa dún jẹ́jẹ́ láìsí ohùn ènìyàn. Nígbà tí ogun ọ̀run bá gbé orin ni ìpè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún. Hálélúyà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, ìparí apá kejì ni ó wà, lẹ́yìn ikú àti àjíǹde.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: èéṣe tí a kò kúkú túmọ̀ rẹ̀, kí a sì fi ohùn Handel kọ ọ́ ní Yorùbá? Ìṣòro rẹ̀ nìyí. Bí orin bá lọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀run ti yẹ kí ó gòkè, ọ̀run di ọrùn. Bí ó bá tẹ bí mọ́lẹ̀, ìbí ọmọ di èébì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú-Òde gidigidi. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892 ni ẹ̀sìn Kristi tó ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀, ohùn orin Òyìnbó sì bá a wọlé. Ṣùgbọ́n Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School láti 1918 dé 1932, ọmọ J. J. Ransome-Kuti ni, ẹni tí ó gba orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní London ní 1922. Ní 1953, T. K. E. Phillips ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní 1964, Ayọ̀ Bánkọ́lé fi ìtàn Jónà ṣe iṣẹ́ orin ńlá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ ti Handel ní èdè tí ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ìtàn ìbí Olúwa, kí ó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sókè ketekete, kí ó fi etí sí ibi tí ó ti gòkè àti ibi tí ó ti sọ̀kalẹ̀, kí ó tó wá ohùn orin fún un. Nígbà náà ni ìyá àgbà tí kò mọ̀wé yóò gbọ́ ìhìn náà yékéyéké.