Bí APC ṣe fi ọ̀rọ̀ gbé Jonathan kúrò lórí àga, àti gbèsè tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan ti ẹgbẹ́ PDP pe Muhammadu Buhari ti ẹgbẹ́ APC lórí fóònù, ó sì kí i kú oríire. Nínú ìbò tí àjọ elétò ìdìbò INEC kà, Buhari ní 15,424,921, Jonathan ní 12,853,162. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí ààrẹ Nàìjíríà kan tó wà lórí oyè tí aráàlú fi ìbò yọ.

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ohun tó gbé Jonathan ṣubú, Boko Haram àti ìwà àjẹbánu ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Àmọ́ àwọn ìjọba tó ṣáájú tirẹ̀ náà ní àléébù, ẹgbẹ́ PDP sì ń wọlé léraléra láti ọdún 1999. Ohun tó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni àwọn tó ń ta ko ìjọba, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ta kò ó. Ó yẹ ká yẹ ọ̀nà náà wò dáadáa, torí ní oṣù Keje ọdún 2025, Atiku Abubakar, David Mark, Rauf Aregbesola àti àwọn mìíràn kóra jọ sábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ ADC láti dojú kọ Ààrẹ Bola Tinubu. Ọ̀nà tí Tinubu fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé. Aregbesola tó di akọ̀wé ADC ti ṣe kọmíṣọ́nnà lábẹ́ Tinubu nígbà tó jẹ́ gómìnà l'Ékòó, ó sì mọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jálá epo kan sì fò láti náírà 65 sí 141. Àwọn òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ lódì káàkiri orílẹ̀-èdè. L'Ójòta l'Ékòó, ọgbà Gani Fawehinmi kún fọ́fọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù náà, ìjọba sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí náírà 97, wọ́n sì kó sójà lọ sí Ojota. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ló pe ìwọ́de náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ni. Ṣùgbọ́n nínú oṣù yẹn náà ni Tinubu, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ ACN, kọ àròkọ gígùn kan jáde pé Jonathan ti da májẹ̀mú tó wà láàárín òun àti aráàlú. Ẹgbẹ́ alátakò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í da ara rẹ̀ láàmú láti dá ìbínú sílẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń dun aráàlú tẹ́lẹ̀ ló máa lọ dúró sí, á sì bá wọn fi orúkọ pe ohun tó ń dùn wọ́n.

Síbẹ̀, ẹnu àwọn alátakò kò tíì kò. Bí ACN bá sọ̀rọ̀, ìjọba á ní ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ni. Bí CPC tó jẹ́ ẹgbẹ́ Buhari bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àwọn ará Òkè Ọya ló fẹ́ gba ìjọba padà. Buhari ti díje ní 2003, 2007 àti 2011, kò wọlé rí. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ACN, CPC, ANPP àti apá kan nínú APGA kéde pé àwọn ti di ọ̀kan, INEC sì forúkọ APC sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: láti ìgbà náà ni ìdáhùn tí ìjọba gbára lé kò ti ràn án mọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn tó wà nínú PDP fúnra wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, gómìnà márùn-ún, ti Rivers, Kano, Sokoto, Adamawa àti Kwara, kó wá sí APC. Ní oṣù Kejìlá, aṣojú-ṣòfin 37 tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Aminu Tambuwal tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin náà dé. Lójú tèmi, kò sí àtẹ̀jáde tó lágbára tó èyí. Aráàlú máa ń ronú pé àtijẹ ni ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú ń tìtorí rẹ̀ bú ìjọba. Bí ẹni tó ti ń bá ìjọba náà jẹun bá dìde tó sì lọ, wọ́n á béèrè ohun tó rí.

Ọgbọ́n mìíràn ni pé wọ́n jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ ẹlẹ́rìí fún wọn. Olusegun Obasanjo, ọmọ ẹgbẹ́ PDP nígbà náà, kọ lẹ́tà olójú-ewé 18 sí Jonathan ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ó sì fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba rẹ̀. Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀, ti kọ tirẹ̀ ṣáájú pé NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, kò san bílíọ̀nù 49.8 dọ́là sí àpò ìjọba. Ìjọba dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2014. APC kò ní láti ṣe ju pé kó máa tún ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sọ. Àmọ́ iye tí Sanusi dárúkọ nígbà tó fara hàn níwájú àwọn aṣòfin àgbà ti lọ sílẹ̀ sí bílíọ̀nù 20. Owó ńlá ṣì ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì kì í ṣe kékeré, ẹgbẹ́ tó bá sì ń pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́ yẹ kó dárúkọ iye tó tọ́.

Lai Mohammed ni alukoro APC nígbà náà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ kí àtẹ̀jáde rẹ̀ tó tẹ àwọn oníròyìn lọ́wọ́. PDP náà sì ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Gómìnà Ayo Fayose ti Ekiti fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, ó to àwòrán àwọn olórí láti Òkè Ọya tó kú sórí oyè síbẹ̀, ó wá fi àwòrán Buhari kún un. Aráàlú tí ń fẹ́ mọ ohun tí ìjọba ṣe sí ọ̀rọ̀ ààbò kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Chibok ló wúwo jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Boko Haram jí ọmọbìnrin 276 gbé nílé ìwé wọn ní Chibok. Ní ọjọ́ kejì, Jonathan wà ní Kano níbi ìpàdé òṣèlú PDP. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kó tó bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ náà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ló bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà, tí Oby Ezekwesili wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. APC fi ọ̀rọ̀ náà polongo ìbò, wọ́n sì wọlé. Lábẹ́ ìjọba wọn, wọ́n gba ọmọ 21 padà ní 2016 àti 82 ní 2017. Síbẹ̀, lọ́dún kẹwàá, ó lé ní 80 nínú àwọn ọmọ náà tí àwọn òbí wọn kò tíì fojú kàn.

Ibì kan wà tí wọ́n ti kọjá àyè wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, APC pàṣẹ fún àwọn aṣòfin rẹ̀ pé kí wọ́n dènà ètò ìṣúná ọdún náà àti ìfọwọ́sí àwọn ọ̀gá ológun tuntun, nítorí wàhálà òṣèlú tó wà ní Rivers. Ogun wà ní Borno, wọ́n fẹ́ dá ìyànsípò àwọn ọ̀gá ológun dúró! Kò ṣeé ṣe fún wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ ọ̀nà àtakò tó yàtọ̀ sí èyí. Ní 1981, Obafemi Awolowo kìlọ̀ fún Ààrẹ Shehu Shagari pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ń forí lé ewu ńlá, ìṣirò ló sì fi gbè é lẹ́yìn. Àwọn ìránṣẹ́ ìjọba bẹnu àtẹ́ lù ú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, Shagari fúnra rẹ̀ ló gbé òfin pàjáwìrì lórí ọrọ̀ ajé lọ sílé aṣòfin. Àsọtẹ́lẹ̀ Awolowo ṣẹ, ṣùgbọ́n UPN tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba ìjọba ní 1983. APC kọ́gbọ́n nínú rẹ̀ pé ìṣirò nìkan kì í gba ìjọba. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ṣéńjì", wọ́n gbé ọwọ̀ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ wọn sókè, wọ́n wọ kóòtù àti agbádá fún Buhari nínú àwòrán ìpolongo, wọ́n sì gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ AKPD, ilé iṣẹ́ tí David Axelrod tó bá Obama ṣiṣẹ́ dá sílẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi sílẹ̀.

Gbèsè rẹ̀ kò pẹ́ dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìjọba APC gbé jálá epo láti náírà 86.50 lọ sí 145. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Tinubu kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo kúrò ní nǹkan bíi náírà 185, ó di 488 l'Ékòó. Àwọn ènìyàn wá lọ hú àròkọ ọdún 2012 yẹn jáde. Bóyá ó tọ́ kí wọ́n yọ owó náà tàbí kò tọ́, àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé àwọn tó kọ̀ ọ́ ní 2012 kò sọ fún aráàlú nígbà náà pé àwọn náà máa yọ ọ́.

Bí ìbò 2027 ṣe ń bọ̀, àwọn alátakò á tún máa dárúkọ iye tí a ń ra epo, ìrẹsì àti iná mànàmáná, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ gbọ́ wọn. Ẹ wá bi wọ́n pé èló ni àwọn máa ta epo, níbo ni owó rẹ̀ á ti wá, kí sì ni wọ́n ṣe sí i nígbà tí àwọn náà wà nínú ìjọba. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ sí i.